Xfce àbí Openbox fún ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Kàbà
Xfce àti Openbox jẹ́ ètò tó ń bójú tó fèrèsé àti mẹ́nù lórí kọ̀ǹpútà Linux. Lórí Xfce, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kọ mẹ́nù. Tí LibreOffice, ètò tí a fi ń tẹ lẹ́tà, bá ti wọlé, ó máa gbé fáìlì .desktop, èyí tó ń júwe ètò fún mẹ́nù, sínú /usr/share/applications. Ìlà Categories inú rẹ̀ ló ń sọ pé abẹ́ ẹ̀ka Office nínú mẹ́nù ni kó wà. Ẹ yọ LibreOffice kúrò, orúkọ rẹ̀ nínú mẹ́nù náà á lọ. Èyí tí ẹ ò fẹ́ kí oníbàárà rí, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ sí ~/.local/share/applications, kí ẹ kọ NoDisplay=true sí i.

Openbox fúyẹ́, kọ̀ǹpútà àtijọ́ pàápàá gbé e. Àmọ́ menu.xml rẹ̀, fáìlì tí mẹ́nù wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́, àyàfi tí ẹ bá so irinṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Fún ọmọ iṣẹ́ tó ń tẹ lẹ́tà ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, Xfce ni tèmi.