Akẹ́kọ̀ọ́ apòògùn tó ń bọ̀ wálé: Ẹ̀gbẹ̀ ni tàbí Kàbà?

Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, tó fẹ́ fi ìsinmi gígùn kọ́ṣẹ́ nílé lọ́dọ̀ àwa Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, lè wá ilé ìwòsàn, bíi ti ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀, tàbí kó wá fámásì aládàáni ní Kàbà.

Ilé ìwòsàn lèmi máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Níbẹ̀ ni wàá ti bá apòògùn yẹ ìwé dókítà wò bóyá oògùn kan ń bá èkejì jà, tí wàá sì rí ìtọ́jú aláìsàn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Tètè gba lẹ́tà nílé-ìwé ṣá, torí èsì wọn lè pẹ́.

Fámásì lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàá kọ́ bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn ìyá àgbà tó ń fi èdè Okun ṣàlàyé ibi tó ń dùn wọ́n. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù oògùn ni fámásì o! Kẹ́míìsì lásán kì í sábà ní apòògùn. Ta ló máa wá fọwọ́ sí ìwé ìkọ́ṣẹ́ rẹ? Béèrè ìwé àṣẹ tọdún yìí tí PCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apòògùn, fún fámásì náà kó o tó bẹ̀rẹ̀.