Whitby, Seaham àbí Alnwick: Níbo Ló Yẹ Kẹ́ ẹ Ti Ra Ẹ̀bùn Létíkun Àríwá Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹni tó bá fẹ́ wálé láàárín àwa tá a wà ní Middlesbrough àti Newcastle, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi ara rẹ̀: kí ni mo máa rù lọ? A ti fi ṣokoléètì àti ọṣẹ ìwẹ̀ sú àwọn ará ilé. Àwọn náà ti mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ọjà pọ́ọ́kú ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Bẹ́ẹ̀, etíkun tó wà lẹ́yìnkùlé wa níbí kún fún nǹkan tí ẹ kò ní rí ní Lọ́ńdọ̀nù, ká má tíì sọ ọjà Balógun.

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń rìn ín, tí mo ń rà, tí wọ́n sì ti rẹ́ mi jẹ lẹ́ẹ̀kan. Fún ẹni tí kò ráyè kàwé gígùn: bó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, tí owó sì wà lọ́wọ́, ẹ lọ sí Whitby. Bí owó ò bá sí, Seaham. Bó bá jẹ́ ìwé lẹ wá, ẹ gbàgbé méjèèjì, Alnwick ni. Magnẹ́ẹ̀tì ara fíríìjì àti kọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí, ẹ má wulẹ̀ yà síbẹ̀. Orúkọ ìlú nìkan ló yàtọ̀ lára wọn.

Jet Whitby àti àfọ́kù ìgò Seaham

Òkúta dúdú ni jet, ṣùgbọ́n igi ni kó tó di òkúta. Igi náà wó ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 180 sẹ́yìn, ó rì sísàlẹ̀ òkun, ẹrẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi dúdú bíi kóró iṣin. Bí wọ́n bá gé e tí wọ́n dán an, ẹ ó máa rí ojú yín nínú rẹ̀. Nígbà tí Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, kú lọ́dún 1861, jet ni Ọbabìnrin fi ṣọ̀fọ̀, làwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láwọn ọdún 1870, ó ju ẹgbẹ̀rún kan èèyàn tó ń fi gbígbẹ́ jet jẹun nínú ìlú kékeré yẹn. Títí dòní, Church Street ni ibùjókòó wọn, òpópónà tóóró tó lọ sí ìdí àtẹ̀gùn 199 tí wọ́n ń gbà gòkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì St Mary.

Èmi ò mọ ìtàn ọ̀fọ̀ yìí nígbà tí mo kọ́kọ́ ra yẹtí jet fún màmá mi. Mo gbé e sójú fóònù kí wọ́n lè rí i. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Dúdú kẹ̀? Ta ló kú?" Wọn ò tíì dé Whitby rí o. Ìgbà tí wọ́n fi sí etí pẹ̀lú léèsì funfun lọ́jọ́ ìsìn ìdúpẹ́ ni ọkàn wọn tó balẹ̀, torí àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń béèrè ibi tí wọ́n ti rà á. Bí ẹ bá fẹ́ rà á fún àgbàlagbà, ẹ mú èyí tí wọ́n fi fàdákà yí ká. Fàdákà náà á gbé e kúrò ní aṣọ ọ̀fọ̀.

Ibi tí èèyàn ti lè jìn sí kòtò nìyí: ayédèrú jet pọ̀. Mo ra ẹ̀gbà ọrùn kan lórí àtẹ ní ìlú etíkun kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹni tó tà á fún mi búra pé jet ni. Obìnrin kan tó ń ta ojúlówó ní Church Street ló là mí lójú. Ó mú àwo amọ̀ funfun kan jáde lábẹ́ káńtà, irú èyí tí kò ní dídán, ó fi ègé jet kan fà á lójú bí ẹni fi pẹ́ńsù fa ìlà. Ìlà tó jáde ní àwọ̀ èlùbọ́. Ó gba ẹ̀gbà tèmi, ó ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí àwọ̀ èlùbọ́ kankan. Ó wá ní kí n gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó tutù bí omi inú fíríìjì. Dígí dúdú ni mo fi owó jet rà.

Nítorí náà, ẹ gbé e sọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Jet máa ń fúyẹ́, kì í sì í tutù. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó mọ iyùn dáadáa gbé tèmi wò, ó ní ó fúyẹ́ jù, pé rọ́bà ni. Ẹni tó ti fi iyùn àti sẹ̀gi kọ́ ojú á rò bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nítorí lọ́dọ̀ wa, ìlẹ̀kẹ̀ tó wúwo ni ìlẹ̀kẹ̀. Ti jet yàtọ̀, ìfúyẹ́ rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí. Àmọ́ rọ́bà líle ayé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní vulcanite máa ń fa ìlà búráùn bákan náà, ó sì pọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù ohun àtijọ́. Tiẹ̀ máa ń ṣá bó bá ti pẹ́ nínú oòrùn, bí ẹ bá sì fi ọwọ́ ra á gidigidi, ẹ ó gbọ́ òórùn imí ọjọ́. Ẹ tún béèrè ibi tí wọ́n ti wà á, nítorí jet wà ní Spéènì àti Tọ́kì pẹ̀lú. Jet ni wọ́n lóòótọ́, ti Whitby kọ́ ni wọ́n, kò sì yẹ kẹ́ ẹ san owó Whitby lé wọn.

Seaham ní County Durham ò le tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1853 títí di 1921, ilé iṣẹ́ ìgò kan wà níbẹ̀, Londonderry Bottleworks. Inú òkun ni wọ́n ń da àjẹkù ìgò sí. Òkun gbà á, ó fi yanrìn ha á fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ó wá ń dá a padà díẹ̀díẹ̀, gbogbo etí rẹ̀ ti kúnná. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń fi fàdákà dè é, wọ́n ń fi ṣe yẹtí àti òrùka. Funfun àti àwọ̀ ewé ló pọ̀ jù, aró ṣọ̀wọ́n, èyí tó ní àwọ̀ méjì mẹ́ta pọ̀ lójú kan, tí wọ́n ń pè ní multi, ni olówó jù. Ayédèrú wà níbí náà: àwọn kan ń fi ẹ̀rọ yí àfọ́kù ìgò tuntun títí á fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sójú oòrùn. Èyí tí òkun ṣe máa ń ní ojú wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ bí òṣùpá lé ní ara, ti ẹ̀rọ á kàn dọ́gba bákan náà ni.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn Seaham ni pé ẹ lè ṣà á fúnra yín. Èmi àti ọmọ mi obìnrin lọ láàárọ̀ Sátidé kan nígbà tí òkun fà, a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń ṣa ìṣáwùrú. Odindi wákàtí méjì, ohun tá a rí kò kún àtẹ́lẹwọ́. Ẹyọ kan wà níbẹ̀ tó ní àwọ̀ aró, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ìyẹn la gbé fún oníṣẹ́ ọwọ́ pé kó fi wáyà fàdákà dè fún ìyá àgbà rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ti fi ránṣẹ́ sílé, òun ló ná mi lówó kéré jù, òun sì ni wọ́n ń fi han àlejò jù. Ọkọ̀ ojú irin tó lọ sí Newcastle láti Middlesbrough ń dúró ní Seaham. Ti Whitby kò pọ̀ lóòjọ́, ó sì máa ń gbà tó wákàtí kan ààbọ̀.

Ìwé

Kò sí ìdíje ńbí. Barter Books ní Alnwick wà nínú ibùdó ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ tí wọ́n tì pa lọ́dún 1968. Ọdún 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé níbẹ̀. Rélùwéè ìṣeré ń sáré lókè orí pẹpẹ ìwé, iná sì ń jó nínú ààrò nígbà òtútù. Ìwé àlòkù ni wọ́n ń tà, ẹ sì lè fi tiyín ṣe pàṣípààrọ̀: mo gbé ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, wọ́n yan mẹ́sàn-án, wọ́n kọ iye rẹ̀ sí orúkọ mi, mo sì fi ra òmíràn. Nínú ohun tí mo gbé bọ̀ ni ìwé òǹkọ̀wé Áfíríkà méjì wà tí èèpo ẹ̀yìn wọn jẹ́ olómi ọsàn, irú tá a fi jókòó sí kíláàsì ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí páálí ìkéde "Keep Calm and Carry On" (ẹ fara balẹ̀, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ), lọ́dún 2000, nísàlẹ̀ àpótí ìwé kan tí wọ́n rà. Ìjọba ló tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1939, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó rí i nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹ ti rí ọ̀rọ̀ yẹn lórí kọ́ọ̀pù ní gbogbo pápákọ̀ òfuurufú. Bó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ ra ẹ̀dà rẹ̀, ẹ rà á níbi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀: Alnwick kì í ṣe etíkun gan-an. Ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Alnmouth, kẹ́ ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì bíi máìlì mẹ́rin. Bó bá jẹ́ ìwé tuntun nípa etíkun fúnra rẹ̀, nípa àwọn apẹja àti Captain Cook tó kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Whitby, Whitby Bookshop ní Church Street ni kẹ́ ẹ yà sí.

Àwòrán

Staithes ni. Abúlé apẹja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Whitby, bọ́ọ̀sì X4 ń gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni Laura Knight, obìnrin ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ́ bí wọ́n ti ń ya òkun àti àwọn ìyàwó apẹja, kí Royal Academy, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ kíkún lọ́dún 1936. Àwọn ayàwòrán ṣì wà níbẹ̀. Whitby ní ṣọ́ọ̀bù àwòrán jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ bébà tí wọ́n tẹ àwòrán náà sí. Bí wọ́n bá fi pẹ́ńsù kọ 12/150 àti orúkọ ayàwòrán, ẹ̀dà 150 péré ló sọ pé òun tẹ̀. Bí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ má san ju owó páálí ìkéde lásán lọ. Ẹ ra èyí tí kò ní férémù: férémù onídìígí ò ní bá yín dé Ìbàdàn láìfọ́, kílò 23 sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ń gbà fún àpótí kan.

Ti ẹnu

Kippers ò ju ṣàwá tí wọ́n là lẹ́yìn, tí wọ́n sì fi èéfín yan. Ilé Fortune's ní Whitby ti ń ṣe é láti ọdún 1872, ilé ìyanja tó wà ní abúlé Craster, ní Northumberland, sì ti wà láti 1856. Èmi fẹ́ràn ti Craster, níbi tí wọ́n ti ń fi ìyẹ̀fun pákó igi oak yan án, ó lè tó wákàtí mẹ́rìndínlógún. Norway ni ẹja ibẹ̀ ti ń wá báyìí, bíi ṣàwá tiwa náà. Ẹ fún ọ̀rẹ́ yín tó wà ní Leeds tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ má gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú, bí ẹ kò bá fẹ́ kí gbogbo aṣọ inú àpótí máa rùn.

Ọtí oyin Lindisfarne, tí wọ́n ń ṣe ní Holy Island (erékùṣù tí wọ́n tún ń pè ní Lindisfarne), rọrùn láti gbé, inú àpótí ńlá ni kẹ́ ẹ fi í sí. Ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀ tún ń ta nǹkan tí wọ́n ya àwòrán Ìwé Ìhìnrere Lindisfarne sí, ìyẹn ìwé Ìhìnrere ayé àtijọ́ tí wọ́n fọwọ́ kọ. Ìwé náà fúnra rẹ̀ wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wo ìhun inú rẹ̀, okùn tó ń gba abẹ́ ara wọn kọjá láìlópin. Etí ọpọ́n Ifá ni mo rántí.

Òkun máa ń bo ọ̀nà erékùṣù náà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó sì ti gbé mọ́tò ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ wo àkókò òkun kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Bó bá jẹ́ nígbà òtútù, ẹ tẹ àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké láago kẹ́ ẹ tó lọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí láàárín ọ̀sẹ̀.