Àwo Méjì ti 2 Live Crew: Èyí Tó Kún fún Àlùfàǹṣá àti Èyí Tí Wọ́n Fọ̀

Ní ọdún 1989, ẹgbẹ́ olórin hip-hop ìlú Miami, 2 Live Crew, gbé As Nasty As They Wanna Be jáde láti ilé iṣẹ́ Luther Campbell, tí í ṣe ọ̀kan nínú wọn. As Clean As They Wanna Be, tí wọ́n yọ ìsọkúsọ inú rẹ̀ kúrò, jáde lọ́dún kan náà.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn ni àwo àkọ́kọ́ fi ṣe oúnjẹ, ó sì tà ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 1990, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ Jose Gonzalez dájọ́ pé ọ̀rọ̀ rírùn tí òfin kò gbà ni, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí àwo kankan rí ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn olórin náà lọ sílé ẹjọ́ nítorí eré orí ìtàgé, Henry Louis Gates, ọ̀mọ̀wé tí ó ti kọ̀wé nípa Èṣù Ẹlẹ́gbára wa, jẹ́rìí fún wọn, a sì dá wọn sílẹ̀. Ní 1992, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ Gonzalez.

Àwo kejì kò tà tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n fọ̀ gan-an ni ó gbé wọn dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, nítorí orin ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ orin Roy Orbison, olórin Amẹ́ríkà kan, láìgba àṣẹ ilé iṣẹ́ tó ni orin náà. Ní 1994, àwọn adájọ́ fohùn ṣọ̀kan pé irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè bófin mu bí a tilẹ̀ ń tà á. Ní tèmi, àwo kejì ni mo kà sí èyí tó wúlò jù fún olórin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkọ́kọ́ ni mo máa ń gbọ́.