Kọ̀ǹpútà kejì fún render: Z440 tòkunbọ̀ ni, àbí Mac mini M4?

Animation ìṣẹ́jú kan péré, tó bá jẹ́ frame (àwòrán kọ̀ọ̀kan) 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, frame 1,440 ni. Bí Blender, ètò tí a fi ń ṣe animation 3D, bá ń lo ìṣẹ́jú 5 láti render ọ̀kọ̀ọ̀kan (ìyẹn ni pé kó sọ ọ́ di àwòrán tó parí), wákàtí 120 nìyẹn: ọjọ́ 5 gbáko tí ẹ kò ní rí kọ̀ǹpútà yín lò. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun nílò kọ̀ǹpútà kejì tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju render lọ. Èwo ni kí ẹ rà? Lójú tèmi, VRAM (ìrántí káàdì àwòrán, ìyẹn GPU) àti iná ló máa pinnu rẹ̀, kì í ṣe orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ.

Kọ̀ǹpútà méjì kì í da VRAM wọn pọ̀. Odindi frame ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, nítorí náà gbogbo scene (ohun gbogbo tó wà nínú àwòrán náà), tòun ti texture (àwòrán tí a fi bo ara wọn), gbọ́dọ̀ gba inú káàdì kọ̀ǹpútà kejì náà. Ìdí nìyí tí n kò fi ní gba ẹni tí scene rẹ̀ ń jẹ 10GB níyànjú pé kó ra káàdì NVIDIA RTX 4060. Òótọ́ ni pé 115W péré ló ń fà, nígbà tí RTX 3060 ń fa 170W, ṣùgbọ́n 8GB ni tirẹ̀, 3060 sì ní 12GB. Kí ẹ sì la ojú yín dáadáa: 3060 oní-8GB náà wà lọ́jà.

Inú HP Z440 tòkunbọ̀, kọ̀ǹpútà ńlá oníṣẹ́, ni mo fẹ́ kí ẹ ki 3060 oní-12GB náà sí. Power supply rẹ̀ lè tó 700W, àyè sì wà nínú rẹ̀. Ní Computer Village, Ìkẹjà, wọ́n lè fi Dell OptiPlex kékeré lọ̀ yín nítorí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ má rà á fún iṣẹ́ yìí: káàdì ńlá kò lè wọ inú rẹ̀, power supply rẹ̀ kò sì ní wáyà tí yóò gbé káàdì. Ẹ ní kí wọ́n tú Z440 náà níwájú yín. Wáyà oní-pin 6 ni ẹ óò bá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ 3060 sì ń béèrè oní-pin 8, nítorí náà ẹ ra adapter rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Mac mini M4, tó jáde ní 2024, kò ní wàhálà wáyà. Àmọ́ 16GB tí wọ́n ń kéde rẹ̀, GPU àti gbogbo ìyókù ẹ̀rọ ló jọ ń pín in, ẹ kò sì lè fi kún un lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á. Nínú Cycles, apá Blender tó ń ṣe render, nǹkan bí ìdajì eré tí 3060 ń sá ló ń sá.

Iná ni Mac ti ń gbawájú. Bátìrì ìnfátà 220Ah oní-12V kan gba 2,640Wh. Tó bá jẹ́ oní-lead-acid, ìdajì ni ká lò kó lè pẹ́. Tí a bá yọ èyí tí ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, Z440 pẹ̀lú 3060 tó bá ń fa bí 280W yóò jẹ ìdajì yẹn tán ní nǹkan bí wákàtí 4. Mac mini ń fa bí 65W, ó sì lè tó wákàtí 18. Bó tilẹ̀ lọ́ra, iná tó ń jẹ lórí frame kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti Z440.

Nítorí náà, tí àdúgbò yín bá wà ní Band A, tí oníbàárà sì ń lé yín, Z440 ni. Tó bá jẹ́ ìnfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ lẹ gbójú lé, ẹ ra Mac. SheepIt wà fún ẹni tí kò tíì lówó: ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà àwọn ẹlòmíràn ni yóò bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ óò fi dátà gbé fáìlì lọ, iṣẹ́ oníbàárà tí ẹ ti ṣèlérí àṣírí lé lórí kò sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ̀dà Blender kan náà ni kó wà lórí méjèèjì. Ẹ kọ render náà sí PNG tàbí EXR, fáìlì kan fún frame kan, ẹ má kọ ọ́ sí MP4, kó lè jẹ́ pé frame tó wà lọ́wọ́ nìkan ló máa bá iná lọ. Nínú Blender, ẹ yọ àmì kúrò lára Overwrite, ẹ fi sí Placeholders, kí kọ̀ǹpútà méjèèjì sì máa kọ sínú fódà kan náà; frame tí ọ̀kan bá ti mú, èkejì á fò ó. Bí NEPA bá mú iná, ẹ wá fáìlì tó jẹ́ 0 byte nínú fódà náà kí ẹ pa á rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Blender á kà á sí èyí tó ti parí.