Òkú Èkó tí mò ń rà ní Bódìjà, àti nọ́ńbà tó wà lára páálí rẹ̀

Láti kékeré wa ní Ìbàdàn, òkú Èkó la máa ń pe ẹja yìnyín. Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ ẹja yíyan, ó sì ti di ọdún kẹtàlélógún tí mo ti dá dúró. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, mi ò bi ara mi léèrè rí pé ibo ni ẹja náà ti kú gan-an. Èkó ni wọ́n ti ń gbé e wá fún wa, Èkó náà la fi sọ ọ́. Kóòlù-rúùmù kan ní Bódìjà ló kọ́ mi pé kí n máa ka ara páálí. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù náà, àti nípa ẹja mẹ́ta tí mò ń rà níbẹ̀: Titus, kòtè àti ṣàwá.

Alhájà kan ló ni ín. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi, àmọ́ ó mọ́. Wọ́n ń fọ ilẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, òṣùwọ̀n rẹ̀ dojú kọ oníbàárà, jẹnẹrétọ̀ kì í sì í kú níbẹ̀ bí iná ìjọba bá lọ. Èyí tó wù mí jù ni pé ojú rẹ ni wọ́n á ti já páálí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣòwò yìí mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́pọ̀ ibi, ẹja ti wà nínú agbada kẹ́ ẹ tó dé, wọ́n ti fi páálí dáná, ohun tí ẹni tó ń tà á bá sọ lẹ máa gbà.

Kí n tó mọ Alhájà, mo ra páálí mẹ́rin níbì kan tó wọ́n díẹ̀ ju tiwa lọ ní àdúgbò, oṣù Kejìlá ni, ẹja ìnáwó ìgbéyàwó. Ẹja náà ti yọ́ rí, wọ́n sì tún un dì. Mi ò mọ̀ títí mo fi tò ó sórí wáyà. Bí iná ṣe kàn án, ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ara rẹ̀ ń já bọ́ sínú ẹyín iná. Páálí méjì ṣòfò lójú mi. Mo sunkún níwájú ààrò lọ́jọ́ náà, ọmọ mi rò pé èéfín ni. Láti ìgbà náà, kí n tó sanwó, mo máa ń wo ìsàlẹ̀ páálí. Bí yìnyín ibẹ̀ bá pọ́n bí omi ẹ̀jẹ̀, ẹja náà ti yọ́ rí nìyẹn, ẹ má rà á. Nílé Alhájà, mi ò tíì bá irú rẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ kan ló pè mí, ó ní, "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ wá wo nǹkan." Ó fi ìka sí ara páálí Titus, ó kà á fún mi: FAO 27. Ó gbé kòtè, tiẹ̀ jẹ́ 87. Ṣàwá jẹ́ 34. Ó ní àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ló pín òkun ayé sí agbègbè, tó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. 27 ni àríwá Àtìláńtíìkì lápá ìlà-oòrùn, níbi tí Norway, Iceland, erékùṣù Faroe, Scotland àti Ireland wà. 87 ni Pàsífíìkì, níwájú Chile àti Peru. 34 ni omi tiwa, láti Morocco wá dé ẹnu odò Congo, òkun Èkó náà wà nínú rẹ̀. Nínú òkú Èkó mẹ́ta, ẹyọ kan péré ló wá láti òkun tó kan Èkó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí Titus, torí òun ló ń gbé ọjà mi. Mi ò tíì rí ẹja yìnyín tó dùn tó o. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n pa láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá (ẹ wo déètì lára páálí), ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi òróró sí agbada. Bẹ́ ẹ bá gbé e síná, á kọ́kọ́ tú omi díẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rá á máa kán tó, tó, tó, àwọ̀ rẹ̀ tó dúdú bíi aró á wá yí padà sí wúrà. Èyí tí wọ́n pa ní ìparí òtútù wọn máa ń gbẹ, ó sì máa ń tètè jóná.

Ìwọ̀n tó dára ni 400-600, ìyẹn ni pé ẹja kan wúwo tó gíráàmù 400 sí 600. Páálí kílò 20 á ní bí ogójì. Tẹ́lẹ̀, òun ni mò ń rà ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ní báyìí, 200-400 ló ń wọlé jù. Mo ka èyí tí mo rà kẹ́yìn: mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ẹja bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gé sí mẹ́rin fún olóúnjẹ, orí àti ìrù á ti jẹ ìdajì rẹ̀. Páálí kan náà sì ti kọjá 70,000 náírà, èyí tí ìjọba pè ní owó oṣù tó kéré jù.

Mo bi Alhájà pé kí ló dé. Ó ní dọ́là ni. Òótọ́ ni pé dọ́là ló jẹ́ kó wọ́n, ṣùgbọ́n dọ́là kì í sọ ẹja di kékeré. Ọmọ mi tó wà ní Poli ló bá mi wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, alẹ́ mẹ́ta la fi jókòó tì í.

Ní ọdún 1982, ní Montego Bay ní ilẹ̀ Jàmáíkà, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí òfin òkun. Òfin náà sọ pé láti etí ilẹ̀ rẹ lọ sínú omi, títí dé máìlì òkun 200, ìwọ lo láṣẹ lórí ẹja ibẹ̀. Èyí dára fún ẹja tó bá jókòó sójú kan. Titus kì í jókòó. Á yé ẹyin lápá ìwọ̀-oòrùn Ireland, á wá onjẹ lọ sí òkun Norway nígbà ooru, nígbà tó sì yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sí omi Iceland lọ́pọ̀ yanturu. Iceland ní òun náà ti ní ìpín. Ní 2014, àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù (EU), Norway àti Faroe ṣe àdéhùn, Iceland kò sí nínú rẹ̀. Láti ọdún wọ̀nyí wá, wọ́n ń gbà lórí iye tó yẹ kí gbogbo wọn jọ kó, àmọ́ bí oníkálukú bá gé ìpín tirẹ̀ tán, tí ẹ wá ro gbogbo ìpín pọ̀, á ju iye náà lọ. Bí ọmọ ìyá ṣe ń pín agbo ewúrẹ́ ni: gbogbo wọn mọ iye tó yẹ kí wọ́n pa, síbẹ̀ olúkúlùkù fi abo tó yẹ kó bímọ lọ́dún tó ń bọ̀ kún tirẹ̀. Ní 2019, wọ́n gba èdìdì MSC, àjọ tó ń jẹ́rìí pé wọn kò pa ẹja kan ní àpajù, kúrò lára Titus. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, àwọn onímọ̀ òkun tó ń jókòó ní Copenhagen ní kí ohun tí wọ́n máa kó ní 2026 má kọjá 174,357 tọ́ọ̀nù, ìyẹn ni pé kí wọ́n gé e kù ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́rin nínú àwọn orílẹ̀-èdè náà gé e kù sí nǹkan bí ìdajì.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an. Àwa tí à ń jẹ ẹja yìí ní Ìbàdàn, ní Iléṣà, ní Ọ̀ṣun gbogbo, a kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń jà. Ìgbà tó bá dé orí wáyà mi ni mo máa ń mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Kòtè ti Chile ni mo fi ń tu ara mi nínú. Ara rẹ̀ gbẹ ju ti Titus lọ, ó sì ní egungun líle bí ìpẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kẹ́ ẹ bó kúrò, ṣùgbọ́n ó ń dúró lórí iná, ẹja tí mo bá yan lọ́jọ́ Ajé á ṣì le kankan lọ́jọ́ Ẹtì. Ní 1995, Chile nìkan kó ju mílíọ̀nù mẹ́rin tọ́ọ̀nù lọ. Wọ́n kó o débi pé ẹja náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ní 2012, àjọ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún gúúsù Pàsífíìkì, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń pẹja níbẹ̀ sì gbà kí àjọ náà máa sọ iye, wọ́n sì mú un ṣe. Ẹja náà padà wá. Iye tí wọ́n fàyè gbà lọ́dún ti tún kọjá mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù. Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń ra kòtè yìí jù. Ẹja àjèjì tó bá dé ọ̀dọ̀ wa láti ibi tí wọ́n ti pa òfin mọ́, èmi á rà á, màá sì sọ fún oníbàárà mi pé òun ni.

Ti ṣàwá ni n kò fẹ́ fi bò. Ẹja mẹ̀kúnnù ni. Òun ni ìyá mi máa ń yan fún àwọn tó ń ta oúnjẹ níwájú iléèwé, ọmọ tí kò lè ra ẹran á rí ṣàwá kan jẹ. 34 ni nọ́ńbà rẹ̀, omi tiwa ni. Ó ń rìn láti Mauritania sí Senegal àti Gambia, kò sì sí àdéhùn kankan láàárín wọn tó pín in. Ìgbìmọ̀ kan wà láti 1967, ìmọ̀ràn nìkan ló lè gbà wọ́n. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń lọ ẹja di fíṣìmíìlì ti pọ̀ sí etí òkun wọn. Kílò mẹ́rin sí márùn-ún ṣàwá ló ń di kílò kan ìyẹ̀fun, wọ́n á kó o lọ òkèèrè fi bọ́ ẹja ọ̀sìn. Ohun tó yẹ kó wà nínú abọ́ ọmọ ni wọ́n ń fi ṣe oúnjẹ ẹja. Èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ Alhájà báyìí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òmíràn kò tíì yé ẹyin rí. Mi ò rà á mọ́ bó bá kéré bẹ́ẹ̀.

Àjọ òwò àgbáyé, tí Ngozi Okonjo-Iweala ń darí, fẹnu kò ní oṣù Kẹfà 2022 pé kí ìjọba má fún ẹni tó ń pẹja lọ́nà tí kò bófin mu lówó ìrànwọ́ mọ́, àti ẹni tó ń pa irú ẹja tó ti ń tán. Oṣù Kẹsàn-án 2025 ló di òfin. Inú mi dùn sí i. Owó epo tí wọ́n ń san fún ọkọ̀ ńlá tó ń wá láti ọ̀nà jíjìn kò tíì sí nínú rẹ̀ tán, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí wọ́n dé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ṣọ́ọ̀bù. Àbùkù rẹ̀ méjì ni mo rí. Wọn kì í já páálí fún ẹni tó fẹ́ ra ìdajì títí di ọ̀sán, ìyẹn sì ń ni olóúnjẹ kékeré lára. Àwọn ọmọkùnrin tó ń já ẹrù máa ń ju páálí sílẹ̀, mo ti sọ fún Alhájà. Yàtọ̀ sí èyí, èènì rẹ̀ kò kùnà rí, ẹja kan lórí páálí kan, ó sì ń fún ẹni tó bá ti dúró dáadáa ní àwìn ọjọ́ mẹ́ta. Nínú márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin àti ààbọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mọ́tò ń wọlé. Ẹ dé kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé páálí sọ́dọ̀ yín kí ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ kí wọ́n tó já a.