Real-time tàbí offline: èwo ni kí software orin tó o fẹ́ rà lè ṣe?

Nípa ohùn àti plugin (ètò kékeré tó ń ṣiṣẹ́ nínú software orin) ni àwọn tó fẹ́ ra software orin sábà máa ń bi mí. Bí orin ṣe máa jáde látinú software di fáìlì kì í sí lọ́kàn wọn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àkókò àti epo jẹnẹrétọ̀ ń bá lọ.

Ní real-time, orin á dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀: orin ìṣẹ́jú 4 á gba ìṣẹ́jú 4. Ní offline, kọ̀ǹpútà á sáré bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ká ní oníbàárà fẹ́ stems 24 (apá orin kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì tirẹ̀), tó o sì ń gbé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan ní real-time, ìṣẹ́jú 96 nìyẹn, kí NEPA má sì tíì mú iná lọ o.

Àwọn kan ń sọ pé real-time ló ń mú ohùn dára jù. Mi ò gbà. Gbé fáìlì méjèèjì sórí track méjì, yí polarity ọ̀kan padà (ìyẹn ni pé kí ìgbì ohùn rẹ̀ dorí kodò), kó o jẹ́ kí wọ́n jọ dún. Tí kò bá sí plugin tó ń yí ohùn padà bó ṣe wù ú nínú orin náà, o ò ní gbọ́ nǹkan kan, torí fáìlì méjèèjì bára mu, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́. Laptop tí kò lágbára tiẹ̀ lè máa já ohùn ní real-time; offline kàn máa falẹ̀ ni.

Síbẹ̀, offline náà ti dójú tì mí rí. Mo gbé orin kan jáde, mo fi ránṣẹ́ láì gbọ́ ọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni oníbàárà pè: "Ẹ̀gbọ́n, gángan tó ń dáhùn lẹ́yìn ègbè kejì dà?" Plugin ìlù yẹn kò tètè rí ohùn rẹ̀ kà látorí disk, ló bá fo ibẹ̀. Mo tún un ṣe ní real-time, gángan sì padà sáyè rẹ̀.

Tó o bá ní irinṣẹ́ ìta, bíi compressor (ẹ̀rọ tó ń dín ohùn tó ga jù kù) tàbí synth (ẹ̀rọ tó ń dá ohùn sílẹ̀) gidi lórí tábìlì, real-time di dandan, torí ohùn gbọ́dọ̀ gba inú wọn kọjá. Software orin tó ń jẹ́ Pro Tools kò ní offline àfi ìgbà tí ẹ̀dà 11 jáde ní 2013. Lónìí, òun, Logic Pro, Cubase àti Reaper ní méjèèjì. FL Studio, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe beat nílé wa ń lò, offline ló fi ń gbé orin jáde. Tó o bá ní irinṣẹ́ ìta, wàá kọ́kọ́ gba ohùn rẹ̀ wọlé sínú FL Studio ná, ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jẹ́ Producer Edition sì lè ṣe ìyẹn.

Tó bá jẹ́ inú laptop nìkan ni gbogbo iṣẹ́ rẹ wà, FL Studio tó ọ. Ẹni tó ń lo plugin ìlù tó wúwo tàbí irinṣẹ́ ìta, mo fara mọ́ Reaper fún un: ọjọ́ 60 lo fi máa dán an wò, ìwé àṣẹ ẹ̀dínwó rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 60. Gbé orin rẹ tó wúwo jù síbẹ̀, gbé e jáde lọ́nà méjèèjì, kó o sì gbọ́ ọ dé ìparí kó o tó sanwó.