Ìbotí oníbátìrì fún ìbọn yíyìn: mẹ́ta tí mo lò, àti ìdí tí ẹ̀kẹta fi wà nínú àpò mi

Ìbotí, ohun tí a ń gbé lé etí méjèèjì kí ìró ìbọn má baà bà á jẹ́, mẹ́ta ni mo ti lò láti ìgbà tí mo ti ń yìnbọn gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá, mo sì ṣi méjì yàn nínú wọn. N kò sọ pé àwọn méjèèjì kò dára rárá; ohun tí kò ṣe pàtàkì ni mo tẹjú mọ́ nígbà tí mo ń rà wọ́n. Mo wo iye máíkì, mo wo bí bọ́tìnnì ṣe pọ̀ tó, mo tilẹ̀ wo àwọ̀. N kò wo tìmùtìmù tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ààbò etí wà. N kò ní dárúkọ àwọn tó ṣe wọ́n, torí pé irú àléébù tí mo bá pàdé wà lára ọ̀pọ̀ ìbotí tó wà lórí àtẹ.

Ẹ̀rọ inú ìbotí kì í pa ìró ìbọn. Igbá méjèèjì tó bo etí àti tìmùtìmù ẹnu wọn ni wọ́n ń dí ìró náà lọ́nà, gẹ́gẹ́ bí ìbotí lásán tí kò ní bátìrì ṣe ń ṣe. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni láti fi máíkì gba ohùn tó wà níta, bí ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ó sì tipasẹ̀ sípíkà gbé e wọ inú igbá, ṣùgbọ́n kí sípíkà náà má ṣe pariwo ju nǹkan bíi 82 tàbí 85 dẹ̀síbẹ̀lì (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìró ṣe le tó) lọ. Nítorí náà, bí bátìrì bá kú lójijì, ààbò kò yẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn nìkan ni ẹ kò ní gbọ́ dáadáa mọ́. Ó yẹ kí a mọ èyí, nítorí mo ti rí ẹni tó ṣí ìbotí rẹ̀ kúrò létí láti pààrọ̀ bátìrì nígbà tí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì ń yìnbọn.

Ìró ìbọn kì í ṣe ohun tí a ń fi etí lásán dán wò. Ìbọn gígùn kékeré tó ń lo ọta .22 pàápàá lè kan 140 dẹ̀síbẹ̀lì. Ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn gígùn ńlá máa ń kọjá 150, àwọn mìíràn sì ń kọjá 160. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 1999, 140 ni òpin ìró fún àgbàlagbà, 120 sì ni fún ọmọdé. Àwọn irun tín-ín-tín-ín inú etí tí irú ìró bẹ́ẹ̀ bá ti pa kì í hù padà.

Ìbotí àkọ́kọ́ mi jẹ́ irú èyí tó máa ń gé ohùn pátápátá bí ìbọn bá ti dún. Ó máa ń dákẹ́ lọ gbáà, yóò sì tó nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó là padà. Bí mo bá dá wà ní pápá, n kì í mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí àwa márùn-ún ń yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà, alábòójútó pápá pariwo pé, “Ẹ dáwọ́ dúró!”, ohun tí mo gbọ́ ni “Ẹ dá,” lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ìgbà tí mo rí i pé àwọn tó wà lápá ọ̀tún mi ti ń gbé ìbọn wọn kalẹ̀ ni mo tó fura. Irú mìíràn, tó sàn jù lójú tèmi, kì í gé ohùn: ńṣe ni ó ń tẹ èyí tó ga mọ́lẹ̀ kíákíá tí ó sì ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa bá a lọ lábẹ́ rẹ̀. Kò sí bí ẹ ó ṣe fi ojú mọ ìyàtọ̀ yìí nínú páálí. Bí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ gbé e wọ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́ léraléra lẹ́gbẹ̀ẹ́ máíkì bí ẹlòmíràn ti ń bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ wo bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já.

Ọ̀rọ̀ iye tó wà lára páálí ló kó mi sí wàhálà nígbà tí mo ra èkejì. Iye yìí ló ń sọ bí ìbotí ṣe ń dín ìró kù tó ní dẹ̀síbẹ̀lì: NRR ni ti Amẹ́ríkà, SNR ni ti Yúróòpù. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀n wọ́n kò dọ́gba, nítorí náà a kì í fi ọ̀kan wé èkejì. Ọ̀pọ̀ ìbotí oníbátìrì fún ìbọn yíyìn wà ní NRR 22 tàbí 23, nígbà tí fóòmù kékeré tí a ń kì bọ etí lè dé 30 sí 33. Inú iyàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí àwọn iye wọ̀nyí, pẹ̀lú ariwo tí kò dáwọ́ dúró, lórí àwọn tí a wọ ìbotí fún dáadáa. Fún ariwo ibi iṣẹ́, ìṣirò kan tí OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ni kí a yọ 7 kúrò nínú NRR, kí a sì pín ìyókù sí méjì; bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, 22 di 7.5. Èmi tí mo ti ń fi iye tó wà lára páálí yangàn, ẹnu mi wọ̀.

Ìbotí kejì yìí ní iye tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ etí òsì mi máa ń hó wíín lẹ́yìn tí mo bá ti pápá dé. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fà á. Ní ọjọ́ kan tí mo bọ́ ọ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo rí i pé apá awò ojú mi ti fi ojú ilà sára tìmùtìmù, ilà kan tó jìn tó ìbú ìka ọmọdé, tí kò sì fẹ́ ga padà. Ibẹ̀ ni ìró ń gbà wọlé. Ẹ sì mọ̀ pé awò ojú kì í ṣe ohun tí ayìnbọn lè bọ́ sílẹ̀, torí òun ló ń dáàbò bo ojú. Igbá náà tún nípọn débi pé bí mo bá gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdí ìbọn gígùn, ìdí ìbọn á ti ìsàlẹ̀ igbá sókè, àlàfo kejì á sì ṣí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní àyẹ̀wò kan tí n kì í fò. Ẹ pa ẹ̀rọ ìbotí, ẹ dúró nítòsí ohun tó ń hó láìdákẹ́, bíi fáànù ńlá, ẹ wọ awò ojú, ẹ gbé ìbotí lé e, kí ẹ wá rọra yọ awò náà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí ariwo fáànù bá lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìbotí yẹn àti awò yẹn kò bá ara wọn mu. Irun dídì tó wú àti etí fìlà náà ń ṣe irú ìbàjẹ́ yìí.

Ẹ̀kẹta tí mo ń lò báyìí ní tìmùtìmù jẹ́ẹ̀lì dípò fóòmù, ìsàlẹ̀ igbá rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Jẹ́ẹ̀lì máa ń ṣàn yí apá awò ká bí ó bá ti gba ooru ara. Ó wúwo díẹ̀, ó sì máa ń tutù bíi yìnyín láàárọ̀, ṣùgbọ́n etí mi kò hó mọ́. Máíkì méjì ló ní, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà mo ń mọ ibi tí ohùn ti ń wá, mo sì ń gbọ́ èèpo ọta tí a ti yìn bó ṣe ń jábọ́ sórí sìmẹ́ǹtì lápá ọ̀tún mi. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ọ̀tá rẹ̀: bí ó bá ti ń fẹ́, fáà, fáà, ni máíkì ń ṣe.

Nínú ilé tí a ti ń yìnbọn, níbi tí ògiri ti ń dá ìró padà, mo máa ń kọ́kọ́ ki fóòmù bọ etí kí n tó gbé ìbotí lé e. Èyí kò so iye méjèèjì pọ̀. Nǹkan bíi 5 dẹ̀síbẹ̀lì ni a fi ń lé èyí tó ga jù nínú wọn. Mo wá ń yí ohùn sípíkà sókè, ọ̀rọ̀ alábòójútó sì ń wọlé ketekete.

Ẹnìkan bi mí léèrè bóyá ìgbọ́rin tó ń pa ariwo ọkọ̀ òfurufú lè ṣe iṣẹ́ yìí. Rárá o. Ariwo tó ń lọ gbọọrọ ni wọ́n ṣe é fún, ìró ìbọn kò sì ní dúró dè é.

Mo ní ẹ̀sùn kan sí ẹ̀kẹta yìí. Kókó tí a fi ń tàn án rọ̀ jù, ó máa ń yí fúnra rẹ̀ nínú àpò, bátìrì á sì ti kú kí n tó dé pápá. Èkejì tilẹ̀ máa ń pa ara rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Èyí kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Mo ń yọ bátìrì méjèèjì síta báyìí, mo sì ń fi rọ́bà kan so wọ́n mọ́ ọ̀já orí rẹ̀.